Ta Ló Se Oúnjẹ Vienna?

Ní Vienna, olú ìlú Ọ́stríà, ilé oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Beisl. Kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo o. Irú ilé oúnjẹ kan ni, bí àwa náà ṣe ń sọ pé búkà. Pákó dúdú ló sábà máa ń wà lára ògiri rẹ̀, tábìlì onígi ló máa ń wà nínú rẹ̀, kọ́ńtà tí wọ́n ti ń fa bíà sì máa ń wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ìwé oúnjẹ wọn kì í gùn. Ẹ ó rí Wiener Schnitzel, ẹ ó rí Tafelspitz, Gulasch, Knödel, Palatschinken àti Apfelstrudel. Àlejò tó bá jókòó síbẹ̀ á gbà láìjanpata pé oúnjẹ ìbílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, pé ọmọ onílẹ̀ ló sè é fún ọmọ onílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àmọ́ bí a bá ka ìwé oúnjẹ yẹn bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gulasch, Húngárì ló ti wá. Orúkọ àwọn darandaran ibẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ata pupa tí wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti sọdá òkun wá sí Yúróòpù, bí ata tiwa náà ṣe sọdá wá sílé wa. Palatschinken, ìyẹn fùláwà pẹlẹbẹ tí wọ́n dín tí wọ́n sì ká jáàmù sínú rẹ̀, ti gba ẹnu àwọn ará Romania àti Húngárì kọjá kí ó tó dé Vienna. Orúkọ ilé oúnjẹ náà gan-an, Beisl, ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé láti inú Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù, ló ti jáde, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí ilé.

Nítorí náà, ìbéèrè tí a fẹ́ bi lónìí kò le. Ta ló se oúnjẹ Vienna? Ta ló jẹ ẹ́? Àwọn wo ni wọ́n sì lé kúrò nídìí tábìlì?

Ọ̀gágun àti ẹran dídín

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Wiener Schnitzel, nítorí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹran ọmọ màlúù ni. Wọ́n á gé e, wọ́n á lù ú títí tí á fi fẹ́lẹ́, wọ́n á yí i nínú fùláwà, wọ́n á rì í bọ inú ẹyin tí wọ́n ti pò, wọ́n á tún yí i nínú ẹ̀rún búrẹ́dì gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dín in nínú bọ́tà yíyọ́ tàbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀rá náà gbọ́dọ̀ pọ̀ débi pé ẹran á máa léfòó nínú rẹ̀, kí èèpo búrẹ́dì yẹn lè wú díẹ̀ kúrò lára ẹran. Ègé lẹ́mọ́ọ̀nù kan ni wọ́n á fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Wọn kì í da ọbẹ̀ lé e lórí. Ní Ọ́stríà, òfin tiẹ̀ dá sí i: bí ó bá jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ilé oúnjẹ fi ṣe é, kò gbọ́dọ̀ pè é ní Wiener Schnitzel lásán. Ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba nínú ìwé oúnjẹ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò nípa rẹ̀ ni pé Radetzky, ọ̀gágun tó ṣáájú ọmọ ogun ìdílé ọba Habsburg ní àríwá Ítálì, ló rí irú ẹran bẹ́ẹ̀ jẹ ní Milan. Wọ́n ní ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí ààfin, ó sì gbé ọgbọ́n sísè rẹ̀ bọ̀ wálé ní 1857. Ìtàn náà dùn, àbí? Ológun wà nínú rẹ̀, ọba wà nínú rẹ̀, ìlú òkèèrè wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Heinz-Dieter Pohl, onímọ̀ èdè kan ní Ọ́stríà, tọ pinpin ìtàn náà, kò sì rí ẹsẹ̀ tó dúró lé. Inú ìwé oúnjẹ kan nípa Ítálì ló ti bá a, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Radetzky ti kú. Orúkọ Wiener Schnitzel sì ti wà nínú ìwé ìdáná ní 1831, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣáájú ìgbà tí wọ́n ní ọ̀gágun gbé e dé.

Kọfí náà ní irú ìtàn tirẹ̀. Ní 1683, ogun àwọn Tọ́kì dó ti Vienna, wọn kò sì rí i kó. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n sá lọ, wọ́n fi àpò kọfí sílẹ̀, amí kan tó ń jẹ́ Kolschitzky ló sì gbà á gẹ́gẹ́ bí èrè akin, ló bá fi ṣí ilé kọfí àkọ́kọ́ ní ìlú náà. Àwọn ará Vienna fẹ́ràn ìtàn yìí débi pé wọ́n gbẹ́ ère Kolschitzky sí ara ilé kan, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà tí ilé náà wà. Àlùfáà kan, Gottfried Uhlich, ló gbé e jáde nínú ìwé ní 1783, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn ogun. Ẹni tí àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé ó kọ́kọ́ gba àṣẹ láti ta kọfí fún ará ìlú, ní 1685, ni Johannes Diodato, oníṣòwò ará Arméníà.

Ẹ kíyè sí ohun tó jọra nínú ìtàn méjèèjì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogun ló mú oúnjẹ wá, ọkùnrin akin kan ló gbé e dé, ìlú sì gbà á bí ìkógun. Ó rọrùn fún ìlú láti rántí ẹnì kan tó gun ẹṣin ju kó rántí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó dúró nídìí iná. Àwọn obìnrin yẹn gan-an la fẹ́ wá kàn báyìí.

Àwọn tó wá láti Bohemia

Ní ayé Franz Joseph, ọba tó jẹ láti 1848 sí 1916, Vienna kì í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè kékeré tó jẹ́ lónìí. Òun ni olú ìlú ilẹ̀ ńlá kan tó kó àwọn Jámánì, Húngárì, Tsẹ́ẹ̀kì, Polandi, Ukraine, Croatia, Slovenia, Ítálì, Romania, Júù àti ẹ̀yà mìíràn pọ̀. Nígbà tó fi máa di 1910, àwọn tó ń gbé ìlú náà ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìdajì wọn kò tiẹ̀ bí síbẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣí wá ni àwọn ọmọ Bohemia àti Moravia, ilẹ̀ tó di ti Tsẹ́ẹ̀kì lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin láti abúlé. Wọ́n wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àti alásè nílé àwọn olówó àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé ìdáná gan-an ni àwọn mìíràn ń sùn sí. Àwọn ló ń kọ́kọ́ jí, àwọn náà ló ń sùn gbẹ̀yìn. Ohun tí ìyá wọn fi kọ́ wọn nílé ni wọ́n sè fún ọ̀gá wọn. Knödel jẹ́ búrẹ́dì tàbí fùláwà tàbí pòtétò tí wọ́n rọ́ ní roboto tí wọ́n sì sè nínú omi gbígbóná. Buchteln jẹ́ búrẹ́dì rírọ̀ tó ní jáàmù nínú. Jáàmù yẹn náà, Powidl, tí wọ́n fi èso plọ́ọ̀mù se lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí tó fi dúdú, orúkọ Tsẹ́ẹ̀kì ló ń jẹ́ títí dòní. Àwọn ọ̀gá kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ó bá di tiwọn. Alásè ará Bohemia di ẹni tí àwọn èèyàn ń yìn nínú ìwé àti nínú àwàdà.

Yíyìn alásè yàtọ̀ sí kíka alásè mọ́ onílé. Karl Lueger, tó jẹ́ olórí ìlú Vienna láti 1897 sí 1910, fẹ́ kí ẹni tó bá máa di ọmọ ìlú náà búra pé òun á pa á mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlú Jámánì. Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ Tsẹ́ẹ̀kì á búra lówùúrọ̀ pé ìlú Jámánì ni Vienna, ẹni tó gba ìbúra náà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì jókòó lọ́sàn-án ti Knödel àti Powidl.

Àwọn ọkùnrin wọn ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá 1857, Franz Joseph pàṣẹ pé kí wọ́n wó odi àtijọ́ tó yí ìlú ká, kí wọ́n sì la òpópónà ńlá tó ń jẹ́ Ringstraße síbẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbọ̀ngàn ìlú, yunifásítì, ilé eré, gbogbo wọn ni wọ́n kọ́ sẹ́bàá òpópónà náà. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ wọn, ibi tí wọ́n ti ń mọ bíríkì náà sì ni Wienerberg, ní gúúsù ìlú. Àwọn tó ń mọ ọ́n, Tsẹ́ẹ̀kì ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ní 1888, dókítà kan tó ń jẹ́ Victor Adler yọ́ wọ Wienerberg láti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, Gleichheit. Àwọn òṣìṣẹ́ bíríkì kò rí owó gidi gbà. Páànù pélébé ni wọ́n ń san fún wọn. Inú kántíìnì tó wà nínú ọgbà iṣẹ́ nìkan ni páànù náà ti lè ra nǹkan, oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n ju ti ìta lọ, kò sì dára tó o. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ jáde lọ jẹun níbòmíràn, kí ni yóò fi sanwó?

Ibí yìí ló yẹ ká ti rántí pé jíjáde lọ jẹun, ẹ̀tọ́ ni. Ẹni tí kò lè yan ibi tí yóò ti jẹun kò tíì dòmìnira. Ní 1784, Ọba Joseph Kejì ti pàṣẹ pé kí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà lè máa ta ọtí wáìnì àti oúnjẹ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pèsè. Àṣẹ yẹn ló fìdí àwọn ilé ọtí tó ń jẹ́ Heuriger múlẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Bí ọtí ọdún náà bá ti wà, àgbẹ̀ á so ẹ̀ka igi sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ó ti ṣí. Mẹ̀kúnnù lè di búrẹ́dì àti ẹran rẹ̀ láti ilé, kó sanwó ọtí nìkan, kó sì jókòó lábẹ́ igi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òṣìṣẹ́ bíríkì tó ń gba páànù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹran sísè, ebi, àti ìbọn

Àwọn tó ní owó ńkọ́, níbo ni wọ́n ti ń jẹun? Ní gbàgede tó ń jẹ́ Neuer Markt, hótẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ Meissl & Schadn. Ẹran màlúù sísè ló sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ má fojú kéré ẹran sísè o. Wọ́n máa ń rọra se é fún wákàtí mélòó kan pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti àwọn gbòǹgbò mìíràn, láìjẹ́ kó hó kùtùkùtù. Omi ẹran ni wọ́n á kọ́kọ́ bù fún oníbàárà, lẹ́yìn náà ni ẹran, pẹ̀lú pòtétò dídín, pẹ̀lú ápù tí wọ́n rin mọ́ gbòǹgbò kan tó máa ń ta wọ imú. Èyí tó lókìkí jù ni Tafelspitz, tí wọ́n ń gé láti ẹ̀yìn màlúù, nítòsí ìrù. Franz Joseph fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ẹran sísè débi pé àwọn ìjòyè rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà sọ ọ́ di oúnjẹ tiwọn.

Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Joseph Wechsberg kọ ọ́ sílẹ̀ pé oríṣi ẹran màlúù sísè mẹ́rìnlélógún ni ilé oúnjẹ náà ń tà. Oníbàárà kì í wọlé kó kàn sọ pé ẹran lòun fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí wọn yóò ti gé e lára màlúù, ìyẹn Tafelspitz ni tàbí Schulterscherzel tàbí Kavalierspitz. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé ṣàkì yàtọ̀ sí fùkù, tẹ́ ẹ sì lè dúró níwájú alápatà kẹ́ ẹ máa bá a jiyàn lórí abọ́dì, ẹ kò ní bẹ̀rù níbẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Olórí ìjọba ní apá Ọ́stríà nígbà náà ni Karl von Stürgkh. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pa, kò sì ṣí i mọ́ nígbà tí ogun dé. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ogun ba Galicia jẹ́, ibẹ̀ sì ni ọkà púpọ̀ ti ń wá. Húngárì náà kò fi ọkà ránṣẹ́ tó bí ó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti 1915, káàdì ni ará Vienna fi ń ra búrẹ́dì àti fùláwà. Àwọn obìnrin ń tò lóru kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí lówùúrọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn á tò títí, wọ́n á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ibi tí kò ti sí ilé ìgbìmọ̀, tí ìjọba sì ń yẹ ìwé ìròyìn wò kó tó jáde, ta ni olébi fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 1916, Stürgkh wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán ní Meissl & Schadn, bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin kan wọlé, ó jókòó, ó jẹun tirẹ̀, ó sì dúró de àkókò tó wù ú. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí tábìlì olórí ìjọba, ó yìnbọn pa á. Kò sá lọ. Ó kígbe pé ìjọba ipá gbọ́dọ̀ parí, pé àlàáfíà ni àwọn ń fẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Friedrich Adler. Ọmọ bíbí inú Victor Adler ni, dókítà tó yọ́ wọ Wienerberg lọ wo àwọn tí wọ́n ń san páànù fún.

A kò sọ èyí láti yin ìpànìyàn. Victor Adler fúnra rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, kò fọwọ́ sí ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe torí ẹran ni Friedrich ṣe yìnbọn. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 1917, ogun àti ilé ìgbìmọ̀ tí wọ́n tì pa ló dúró lé lórí. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjìdínlógún, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1918. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kò ṣeé gbójú fò. Ní ìlú tí àwọn ìyá ti ń tò lóru nítorí búrẹ́dì, gbogbo ènìyàn ló mọ ibi tí olórí ìjọba ti ń jẹun lọ́sàn-án.

Oṣù kan géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 1916, Franz Joseph náà kú. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ńlá tó jọba lé lórí fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Àwọn tó gbé ìrántí lọ

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù àádọ́ta ènìyàn ló wà lábẹ́ ọba Habsburg. Orílẹ̀-èdè Ọ́stríà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ogun kò tó mílíọ̀nù méje. Prague di òkèèrè, Budapest di òkèèrè. Ọ̀pọ̀ àwọn Tsẹ́ẹ̀kì tó wà ní Vienna kó ẹrù wọn padà sí orílẹ̀-èdè tuntun tiwọn. Alásè lọ, Knödel dúró. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín ọkọ̀ ojú irin, wọ́n pín gbèsè, ṣùgbọ́n ìwé oúnjẹ Beisl kò ṣeé pín. Gulasch ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Schnitzel bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èyí tó burú jù wá dé ní oṣù Kẹta 1938, nígbà tí Hitler gba Ọ́stríà. Àwọn Júù Vienna wà lára àwọn tó ń ṣe ilé kọfí, ilé oúnjẹ, ìwé ìròyìn àti ilé eré ìlú náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn, wọ́n lé wọn kúrò nínú ilé kọfí tí wọ́n ti ń jókòó láti ìgbà èwe wọn, wọ́n sì fipá mú wọn kúnlẹ̀ fọ títì níṣojú àwọn aládùúgbò wọn. Èyí tó lé ní 100,000 nínú àwọn Júù Ọ́stríà ló sá jáde. Nǹkan bí 65,000 ni wọ́n pa. Ilé oúnjẹ tó ń jẹ́ orúkọ tí a gbà pé èdè Júù ló ti wá kọ́ pátákó sí ẹnu ọ̀nà pé Júù kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Ẹ rántí Joseph Wechsberg, ẹni tó ka oríṣi ẹran mẹ́rìnlélógún fún wa. Ọmọ Moravia ni, Júù sì ni. Amẹ́ríkà ló ti ríbi sá sí. Àwọn Násì pa ìyá rẹ̀ ní Auschwitz. Ní 1945, bí ogun ṣe ń parí lọ, Meissl & Schadn tó wà ní Neuer Markt náà run. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Wechsberg fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ bí ẹran ibẹ̀ ṣe rí, bí agbáwo ṣe ń rìn, bí oníbàárà ṣe ń dárúkọ ègé tó fẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa tábìlì yẹn lónìí, ọwọ́ rẹ̀ la ti gbà á. Àwọn tó ń jẹun lónìí níbi tí wọ́n ti jí orúkọ Meissl & Schadn dìde, lórí òpópónà Ring, gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn wọn, bí wọ́n mọ̀, bí wọn kò mọ̀.

Bí ẹ bá lọ jẹun níbẹ̀

Bí ẹsẹ̀ yín bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí Beisl ṣe ń rí nìyí. Ẹ kí wọn bẹ́ ẹ bá ti ń wọlé. Ìlú tó mọyì ìkíni ni. Ẹ má lọ jókòó sí tábìlì tí wọ́n kọ Stammtisch sí, ti àwọn oníbàárà àtìgbàdégbà ni, kódà bó bá ṣófo. Bí wọ́n bá gbé agbọ̀n búrẹ́dì síwájú yín, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Lọ́pọ̀ ibi, wọ́n máa ń ka èyí tẹ́ ẹ bá jẹ, wọ́n á sì rò ó mọ́ owó. Lọ́sàn-án, ẹ béèrè oúnjẹ ọjọ́ náà, ó máa ń dínwó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, agbáwo yóò dárúkọ iye rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò dárúkọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ kó mú, tó fi díẹ̀ lé e fún ọwọ́ rẹ̀. Wọn kì í fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n sì jáde lọ. Ní ilé kọfí, ife omi kan máa ń bá kọfí wá, kò sì sẹ́ni tó máa lé yín bẹ́ ẹ bá fi ife kan jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Àṣà ilé kọfí yìí ni Ọ́stríà fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà rẹ̀ lábẹ́ UNESCO ní 2011.

Ẹ wá fetí sí ohùn tó ń jáde láti ilé ìdáná. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òṣìṣẹ́ kò tó ní Ọ́stríà. Ìjọba bá Tọ́kì ṣàdéhùn ní 1964, ó bá Yugoslavia ṣàdéhùn ní 1966, pé kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́. Àlejò òṣìṣẹ́ ni wọ́n pè wọ́n, nítorí wọ́n rò pé wọ́n á ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ kò padà. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n wọ ilé iṣẹ́, àwọn mìíràn sì wọ ilé ìdáná. Ní 2023, iye àwọn tó ń gbé Vienna tún kọjá mílíọ̀nù méjì bíi ti 1910, àwọn tó wá láti ìta sì ló tún mú un tóbi. Nínú wọn la ti ń rí àwọn tó ń lu Schnitzel, tó ń fọ àwo, tó ń gbé bíà. Láàárín wọn náà ni ìjà òṣèlú Ọ́stríà tún ti ń dá lé lórí, nípa ẹni tó jẹ́ onílé àti ẹni tí kì í ṣe onílé.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín níbẹ̀ pé àjèjì ló fẹ́ ba àṣà oúnjẹ ìlú náà jẹ́, ẹ má bá a jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ka ìwé oúnjẹ náà sókè, láti Gulasch dé Powidl, kó sì sọ fún yín èdè tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá.